Ìṣẹ́jú Márùn-ún Péré

Nínú gbogbo ohun tó máa ń wáyé níbi ìpàdé àwọn tó ń kọ kóòdù, èyí tó kúrú jù ni mo ń retí jù. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn àlejò pàtàkì tí wọ́n máa ń gbé àwòrán wọn sójú pátákó ni mò ń wí. Kì í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oníwákàtí mẹ́ta. Kì í sì í ṣe oúnjẹ ọ̀sán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní parọ́, oúnjẹ náà wà lọ́kàn mi. Wákàtí kan ni mò ń retí, tó máa ń wà ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ó ti ń rẹ gbogbo ènìyàn. Ní wákàtí yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ orúkọ sílẹ̀ lè gun orí pèpéle, kí ó sọ ohun kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀. Àwọn òyìnbó fi mànàmáná sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé bó ṣe ń kọ ló ń lọ. Èmi náà ń pè é ní ọ̀rọ̀ mànàmáná.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Okokomaiko là ń gbé, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ láti Èkó sí Àgbádárìgì. Bàbá mi ń tún fóònù àti láptọ́ọ̀pù ṣe ní ọjà Àlàbá. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan tí oníbàárà kan kọ̀ tí kò padà wá gbà ni wọ́n tún ṣe fún mi nígbà tí mo wọ kíláàsì SS1. Bọ́tìnnì méjì kò sí lára rẹ̀, bátìrì rẹ̀ kò sì lè gbé e ju ogún ìṣẹ́jú lọ bí iná bá lọ. Òun ni mo fi kọ́ Python. Ọmọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó kan ló ń kọ́ wa ní ọjọọjọ́ Sátidé nínú yàrá kan ní Ìyànà-Ìbà, àwa mẹ́jọ lórí bẹ́ǹṣì méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Python, ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dẹ́rù bà yín. Lóòótọ́, ejò erè ni àwọn òyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin ará Netherlands tó ṣe é, Guido van Rossum, kò ní ejò lọ́kàn. Orúkọ ẹgbẹ́ aláwàdà kan tó máa ń ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló mú. Ọdún 1991 ló kọ́kọ́ gbé e jáde fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń lò ó ti máa ń pàdé ní orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. PyCon ni wọ́n ń pe ìpàdé náà. A ní PyCon Nàìjíríà tiwa, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017. Ní ọdún 2019, gbogbo Áfíríkà pàdé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìlú Accra, lórílẹ̀-èdè Ghana. Ti Nàìjíríà tó ń bọ̀ ni mo ń fojú sọ́nà fún. Yóò jẹ́ àkọ́kọ́ tí n óò lọ.

Olùkọ́ wa ló kọ́kọ́ sọ fún mi nípa ọ̀rọ̀ mànàmáná. Wọ́n ní kì í ṣe inú Python ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Àwọn tó ń lo èdè kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń jẹ́ Perl ló gbé e lárugẹ. Ní ọdún 2000, wọ́n ń ṣe ìpàdé ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mark-Jason Dominus sì ṣètò pé kí àwọn ènìyàn máa sọ̀rọ̀ níwọ̀nba ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Láti ibẹ̀ ló ti ràn kálẹ̀. Lónìí, àṣà ni ní ọ̀pọ̀ ìpàdé àwọn tó ń kọ kóòdù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n á lẹ ìwé kan mọ́ ògiri, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á kọ orúkọ rẹ̀ àti àkọlé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i. Kò sí pé ẹnikẹ́ni ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ. Bí ẹnì kan ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ẹni tó kàn á ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, á ti mú kọ̀ǹpútà rẹ̀ dání. Ẹnì kan jókòó níwájú tó ń ṣọ́ aago. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá pé, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́, bí ọ̀rọ̀ kò bá tilẹ̀ tíì parí lẹ́nu rẹ. Àtẹ́wọ́ náà ni wọ́n fi ń lé ọ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì tún fi ń yìn ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti ń kọ́ni fún ogún ọdún kò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ọmọ ilé-ìwé kò ní dín sí i.

Ìyẹn gan-an ló mú mi lọ́kàn. Àwa Yorùbá mọ ìyì ọ̀rọ̀ ṣókí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Ẹni tó bá sì ti jókòó rí níbi ìpàdé ẹgbẹ́ tí bàbá kan gba ọ̀rọ̀, tí kò gbé e sílẹ̀ títí ọbẹ̀ fi tutù, á mọ̀ pé gígùn ọ̀rọ̀ kọ́ ni ọgbọ́n inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ayé wa, ọmọdé kì í sábà rí àyè sọ̀rọ̀ láwùjọ àgbà. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Mo rí ọ̀rọ̀ mànàmáná gẹ́gẹ́ bí omi tí wọ́n gbé kalẹ̀ ká fi wẹ ọwọ́. Wọn kò béèrè ọjọ́ orí rẹ. Wọn kò béèrè ìpele tí o wà. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n ń bi ọ́ ni pé: kí lo ní láti sọ?

Èmi sì ní ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ní ọdún tó kọjá, èmi àti bàbá mi lọ forúkọ mi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ. Orúkọ ìdílé wa ní ọ̀ nínú, ó sì ní ṣ. Bàbá mi kì í fi ọ̀rọ̀ orúkọ ṣeré. Orí fóònù wọn ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Nígbà tí a padà lọ gba ìwé náà, àpótí kékeré òfìfo ló wà níbi tí lẹ́tà méjì yẹ kí ó wà, bí eyín tó ká. Nígbà tí akọ̀wé sì tẹ orúkọ wa sínú ẹ̀rọ kí ó lè tún un ṣe, ẹ̀rọ ní òun kò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta la bọ̀. Ní ìgbà kẹta, akọ̀wé náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúkú yọ àwọn ẹ̀gún yẹn kúrò lára orúkọ yín." Bàbá mi wo aago wọn, wọ́n wò mí, wọ́n sì ní kí ó yọ ọ́.

Nígbà tí a délé, mo fi ìwé náà han ìyá bàbá mi. Ìyá àgbà kò lọ jìnnà nínú ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ABD dáadáa, wọ́n sì máa ń ka Yorùbá pẹ̀lú ìka lábẹ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un kà. Wọ́n wá bi mí pé, "Ta ló ni orúkọ tí wọ́n kọ síbí yìí?"

Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. N kò bínú sí akọ̀wé yẹn, ohun tí ẹ̀rọ gbà ló ń ṣe. Ẹni tó kọ kóòdù ẹ̀rọ náà ni mò ń rò. N kò mọ̀ ọ́n. Bóyá ọmọ Yorùbá ni òun náà. Bóyá kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ̀rọ̀ yìí rí ni. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí orúkọ wa nínú ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ ìlú wa ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá yọ gbogbo àmì kúrò, Ojo ni ẹ máa kọ. Ọ̀rọ̀ márùn-ún, ó kéré tán, ló lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ojo ni ẹni tí ẹ̀rù tètè máa ń bà. Òjò ni èyí tó ń rọ̀. Òjó ni orúkọ àmútọ̀runwá. Ọjọ́ là ń kà títí ọdún fi ń pé. Ọ̀jọ́ sì ni ìlú wa. Lójú èmi àti ẹ̀yin, lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ni gbogbo wọn. Python ní iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ len, òun ló ń ka iye àmì tó wà nínú ọ̀rọ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ márààrún síwájú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dá mi lóhùn pé: 3, 3, 3, 4, 5.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Gbogbo lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà mọ̀ ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú àkójọ kan tó ń jẹ́ Unicode. Ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ọ náà ní nọ́ńbà tirẹ̀. Àwọn ará Vietnam náà máa ń kọ lẹ́tà tó ní àmì báyìí nísàlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn ni wọ́n ń fi tiwọn sọ. Ṣùgbọ́n ọ tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀, irú ọ́ tàbí ọ̀, kò ní nọ́ńbà àdáni kankan. Méjì la máa ń so pọ̀ láti kọ ọ́: a ó kọ ọ, a ó wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Ìyẹn ni Ọ̀jọ́ ṣe di márùn-ún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di wàhálà ni pé ọ̀nà mìíràn tún wà tí a lè gbà kọ Ọ̀jọ́ kan náà. Fóònù kan lè kọ O lásán, kí ó fi àmì sí i nísàlẹ̀, kí ó fi òmíràn sí i lókè, kí ó kọ j, kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún o kejì. Ìyẹn di 7. Bí ẹ bá gbé méjèèjì sójú kọ̀ǹpútà, ẹ kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, bí ìbejì tó jọra délẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi Python pé ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n, á ní rárá. Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn tí orúkọ ènìyàn á wà nínú ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ á sì ní òun kò rí i. Ti àpótí òfìfo yẹn yàtọ̀. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ bí irú lẹ́tà tí wọ́n fi tẹ̀wé kò bá ní àmì tiwa nínú.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé oògùn rẹ̀ kò le. Python ní ohun èlò kan nínú tẹ́lẹ̀, unicodedata lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ normalize. Ó máa ń mú gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà kọ ọ̀rọ̀ kan, á sọ wọ́n di ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fi í sí ẹnu ọ̀nà tí orúkọ ń gbà wọlé, tí ẹ sì tún fi í sí ibi tí a ti ń wá orúkọ, ìbejì méjèèjì á di ẹnì kan. Kò gba owó. Kò ju ìlà kóòdù kan sí méjì lọ. Àmì orúkọ kò sì ní kúrò níbi tó wà.

Mo tún kà á nínú ìwé pé àwọn àmì tí akọ̀wé yẹn pè ní ẹ̀gún ní ìtàn. Ọdún 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther kọ jáde. Ní ọdún 1875, àwọn míṣọ́nnárì CMS ṣe ìpàdé ní Èkó níbí lórí bó ṣe yẹ kí a máa kọ èdè wa. Èyí dùn mọ́ mi nínú púpọ̀. Ìpàdé ni àwọn àgbà ìgbà náà fi tún ọ̀rọ̀ àmì ṣe. Kò sí ohun tó ní kí àwa náà má lè fi ìpàdé tún tiwa ṣe.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ lọ, wọ́n gbé irin ìjóná tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní, "Ìṣẹ́jú márùn-ún lo fẹ́ fi sọ̀rọ̀. Wákàtí mẹ́ta lo máa lò lójú ọ̀nà lọ, wákàtí mẹ́ta bọ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é fi sórí WhatsApp ni?"

Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọ̀. Ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà wa láti Okokomaiko dé Mile 2 á mọ̀ pé ojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ tíì mọ́ kí n tó jáde nílé. Owó ọkọ̀ kò sì dúró sójú kan. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, àwọn tó mọ̀ mí nìkan ló máa gbọ́ ọ lórí WhatsApp. Ẹni tí kò mọ̀ mí ni mo fẹ́ kí ó gbọ́." Wọn kò dáhùn. Wọ́n gbé irin náà, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú bátìrì tuntun kan bọ̀ láti ọjà, wọ́n tì í bọ láptọ́ọ̀pù mi, wọ́n ní kí n wò ó bóyá á gbé e tó wákàtí kan. Ó gbé e ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Màámi ló ń bá mi ṣọ́ aago báyìí. Lálẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti palẹ̀ ọjà mọ́, wọ́n á jókòó sórí àga onírọ́bà, èmi á dúró níwájú wọn, màá sì sọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àbúrò mi ọkùnrin ni àwùjọ. Òun ló máa ń pàtẹ́wọ́ bí àkókò bá pé, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún àti ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ni ọ̀rọ̀ mi gbà nígbà àkọ́kọ́. Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá kéré lójú ẹni tí kò tíì gbìyànjú láti yọ ọ́. Mo ka ọ̀rọ̀ náà títí. Ṣé ìtàn ọdún 1875 ni n óò yọ ni? Àbí àlàyé lórí àwọn ará Vietnam? Àbí ìbéèrè Ìyá àgbà?

Olùkọ́ wa ní kí n yọ ìbéèrè Ìyá àgbà. Wọ́n ní àwọn tó ń kọ kóòdù, kóòdù ni wọ́n fẹ́ rí. Màámi ní kóòdù ni kí n yọ, nítorí pé ìbéèrè ìyá ọkọ wọn ló yé wọn jù. Mo rò ó fún ọjọ́ méjì. Ní ìkẹyìn, ìtàn ni mo yọ àti àlàyé Vietnam, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́ràn méjèèjì, mo sì kó wọn síbí fún ẹ̀yin tí ẹ ní àkókò. Mo fi kóòdù sílẹ̀ torí pé òun ni oògùn. Mo fi ìbéèrè sílẹ̀ torí pé òun ni àìsàn. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ara ń ro ẹnì kan kò ní wá oògùn lọ.

Ohun mìíràn tí mò ń retí ni ọ̀rọ̀ àwọn yòókù. Bí a bá pín wákàtí kan sí ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí a yọ àkókò tí wọ́n á fi máa so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ ìgbáwòrán jáde, ènìyàn bíi mẹ́wàá ni yóò sọ̀rọ̀. Bóyá mẹ́jọ nínú wọn ni n kò ní gbọ́ yé tán. Kò burú. Ọ̀rọ̀ mànàmáná kò lè kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ tán, kò sì sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀. Bí mànàmáná bá kọ lóru, kì í pẹ́ tó láti fi í ka ìwé, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tó láti fi rí ibi tí ọ̀nà gbà. Ẹni tó bá rí ọ̀nà á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín. Lẹ́yìn àtẹ́wọ́, a ó bá ara wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó béèrè ọ̀rọ̀ tó kù.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé ẹlẹgbẹ́ mi, kò di dandan kí ó jẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ wo ohun kan tó ń dùn yín, tó ń yà yín lẹ́nu, tàbí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín wádìí. Ẹ gbìyànjú láti sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, wákàtí kan ní ìparí táàmù tó fún ọmọ mẹ́wàá. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ọmọdé náà.

Ní tèmi, mo ti mọ ohun tí n óò kọ́kọ́ ṣe bí mo bá dé ibi ìpàdé náà. N óò wá ògiri tí wọ́n lẹ ìwé mọ́. N óò kọ orúkọ mi sí i pẹ̀lú bírò, gbogbo àmì rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, kò sì ní sí ẹ̀rọ kankan láàárín èmi àti ìwé náà. N óò wá jókòó, kí n máa retí kí wọ́n pè mí. Bí mo bá gun orí pèpéle, n kò ní mọ èwo nínú àwọn tó jókòó ló ń kọ kóòdù fún ọ́fíìsì, fún ilé ìwòsàn tàbí fún ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà níbẹ̀. Òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìlà kóòdù kan sí méjì ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún péré sì ni n óò fi tọrọ rẹ̀.